Ìdajì láti Ìfọ́n

Àlàyé tí ó wà lójú fóònù sọ ọ́ gbangba pé ẹnì kan ṣoṣo ni kí ó dáhùn, láìgba ìmọ̀ràn. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí yunifásítì tí wọ́n gbé ìdánwò náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kò mọ agboolé Yàkúbù ní Ìlobù. Kí Husnah, ìyàwó Yàkúbù, tó tẹ ohunkóhun, Múdàṣírù, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tí ó ń pè ní Bàbá Mansur, ti dúró sẹ́yìn rẹ̀. Mùíbátù, àbúrò ọkọ, sì ti na ọrùn sí i.

Ohun tí àwọn olùwádìí fẹ́ mọ̀ ni bóyá àwọn tí kò rí ojú ara wọn lè ṣe ẹ̀tọ́ síra wọn. Wọn yóò fún ẹnì kan ní dátà pé kí ó bá ẹlòmíràn pín in. Bí ẹnì kejì bá gbà, kálukú yóò mú ìpín tirẹ̀. Bí ó bá kọ̀, tàbí tí àkókò tán mọ́ ọn lọ́wọ́, àwọn méjèèjì yóò lọ lọ́wọ́ òfo.

Ọ̀rọ̀ yọ: "Ará Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ni ó ń pín in. Ó fún ọ ní ìdajì."

Ìfọ́n, ìlú tí ó ń bá Ìlobù jà lórí ilẹ̀, ni wọ́n bí Husnah sí.

"Kọ̀ ọ́," ni Múdàṣírù wí. "Kí onítọ̀hún pòfo."

"Bàbá Mansur, ẹ jọ̀ọ́, ìdajì ló fún wa. Kò rẹ́ wa jẹ."

Mùíbátù rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Ẹ ò gbọ́ bí? Ó ń gbèjà àwọn èèyàn ẹ̀! Ìyàwó, ilé ta lo ń gbé gan-an? Ìlobù àbí Ìfọ́n?"

"Àǹtí mi, inú ilé yìí ni mo bímọ sí."

"Má wulẹ̀ tẹ nǹkan kan," ni Múdàṣírù tún wí. "Jẹ́ kí àkókò tán."

Husnah mọ̀ pé bí òun bá káwọ́ gbera, ẹnikẹ́ni kò ní pe òun ní ọ̀dàlẹ̀. Ó wo Yàkúbù; ilẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ń wò. Husnah kò mọ ẹni tí ó wà lódìkejì rí, ṣùgbọ́n ẹni náà ti ṣe ohun tí ó tọ́. Ó tẹ "Mo gbà".

Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá Mansur. Ó pín in dọ́gba ni."

"Dọ́gba?" ni Múdàṣírù wí. "Ilé mi tó jóná nígbà ìjà ilẹ̀, ta ló bá mi pín in dọ́gba?"

Husnah kò tọrọ àforíjì mọ́. Yàkúbù dìde, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó, ó sì lọ jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.