Wọ́n Fi Àbúbákr Sí Òkè Orí Ọ̀jọ̀gbọ́n

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ yí iná ọbẹ̀ yẹn wálẹ̀ kó má baà jóná, torí òfófó tí mo gbé wá yìí gbóná ju ọbẹ̀ lọ. Tí inú bá ń bí yín níbi tẹ́ ẹ bá ti ń gbọ́ ọ, ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀.

Obìnrin kan wà ní Ìbàfò, Qudrah lorúkọ ẹ̀, ìyàwó Mùtàlíbù tó ń kan páànù. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì nílé-ẹ̀kọ́ gíga kan lọ́nà Ìfọ̀. Mi ò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀hún, ẹ má gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Wọn ò tíì gbà á síṣẹ́ yẹn pátápátá o. Wọ́n ní àfi tó bá ṣe ìwádìí kan, tí jọ́nà tó lórúkọ sì gbé e jáde. Jọ́nà yẹn ni ìwé tí àwọn onísáyẹ́ǹsì máa ń kó ìwádìí wọn sí kí gbogbo ayé lè kà á. Tí kò bá rí i ṣe kí ọdún ilé-ìwé tó parí, kó máa lọ sílé ọkọ ẹ̀.

Ni Qudrah bá dojú kọ omi kànga. Ó ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé ní Ìbàfò àti Mòwé, ó ń bu omi sínú ìgò, ó ń wọn bí ṣáláńgá ṣe súnmọ́ kànga tó. Àwọn kan lé e síta, wọ́n ní ìjọba ló rán an wá dí kànga àwọn. Ajá bù ú jẹ. Síbẹ̀ ó ṣe é, ó parí ẹ̀, ó kọ ọ́ jáde. Ó wá ku ibi tó ń fọ́ èèyàn lórí jù: rẹ́fúrẹ́ǹsì.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Tó o bá mú ọ̀rọ̀ nínú iṣẹ́ ẹlòmíì, o gbọ́dọ̀ dárúkọ onítọ̀hún, kó o má baà di olè. Gbogbo orúkọ yẹn ni wọ́n máa ń tò sẹ́yìn ìwé. Jọ́nà tí Qudrah fẹ́ fi tiẹ̀ ránṣẹ́ sí ní bí a-bí-sí-dí ṣe lọ ni kí wọ́n tò ó. Kò gbọdọ̀ sí Alhaji, kò gbọdọ̀ sí Dókítà. Orúkọ lásán, ọdún, àkọlé iṣẹ́. Tí kọ́mà kan bá sọnù, wàhálà ni. Ojú Qudrah fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ níbi kọ́mà.

Àmọ́ àṣà kan wà ní ẹ̀ka wọn níbẹ̀: ọmọ-iṣẹ́ kankan ò gbọdọ̀ fi ìwé ránṣẹ́ síta láìjẹ́ pé ọ̀gá ti rí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n Sùlèímọ́nù lọ̀gá wọn. Òun náà ló sì máa fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n máa fi gbà á síṣẹ́. Qudrah tẹ iṣẹ́ ẹ̀ jáde, ó gbé e lọ, ó kúnlẹ̀.

Bàbá ò ka kànga, kò ka ṣáláńgá. Ẹ̀yìn ìwé ló ṣí lọ tààrà.

"Ta ló wà lókè pátápátá yìí?"

"Àbúbákr ni, sà."

"Àbúbákr wo? Èyí tó ń gbé báàgì mi lọ sídìí mọ́tò?"

"Àwọn ni, sà. Wọ́n ti di dókítà báyìí, wọ́n wà ní—"

"Ṣé mo bi ọ́ ohun tó dà? Èmi wá dà?"

Qudrah fìka hàn án. Ìsàlẹ̀ pátápátá. Orúkọ tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S, ibo ló tún máa bọ́ sí?

"Sùlèímọ́nù!" Bàbá fọwọ́ gbá tábìlì. "Sùlèímọ́nù lásán, bí ẹni ń pe ọmọ tó ń kiri omi tútù! Ṣé bẹ́ẹ̀ lo ṣe ń pe bàbá ẹ nílé? Tí èmi àti Àbúbákr bá pàdé, ta ló ń dọ̀bálẹ̀ fún ta?"

"Àwọn ló ń dọ̀bálẹ̀ fún yín, sà. Ṣùgbọ́n jọ́nà ní—"

"Ṣé jọ́nà ló máa fọwọ́ síwèé ẹ? Gbé mi sókè. Kó o sì kọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Alhaji síwájú ẹ̀."

Ẹ má rò pé kò mọ̀ o. Ó mọ̀! Òun ló kọ́ gbogbo wọn bí wọ́n ṣe ń tò ó. Àbúbákr yẹn ló ń ta á lára.

Kí ni Qudrah máa ṣe? Ó gbé e sókè. Ó fi Ọ̀jọ̀gbọ́n Alhaji sí i, ó fi ránṣẹ́. Àwọn jọ́nà dá a padà wéré. Wọn ò tiẹ̀ ka ohun tó wà nínú kànga! Wọ́n ní kó lọ tún ẹ̀yìn ìwé ẹ̀ tò, tí kò bá tún bá òfin àwọn mu, kó máa gbé e lọ.

Ó tún gbé èsì yẹn tọ bàbá lọ. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ: "Kọ̀wé sí wọn pé nílẹ̀ wa, ọmọ kì í ṣáájú bàbá."

Inú bí Qudrah débi pé kò lè jẹun. Mùtàlíbù ọkọ ẹ̀ ní kò lè burú tó bẹ́ẹ̀, àgbà làá fi bẹ àgbà. Ó mú ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, Hàfísátù, dání, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ bá bàbá nílé ẹ̀ ní ẹ́sítéètì OPIC. Bàbá ń mu ọsàn. Kò ní kí wọ́n jókòó. Hàfísátù àgbàlagbà kúnlẹ̀ sórí táìsì, pẹ̀lú orúnkún tó ti ń dùn ún láti ọjọ́ yìí.

"Ẹ dákun, Alhaji. Ọmọ yín ni. Ẹ fojú fò ó."

"Èmi ò bínú, ìyá," bàbá tu kóró ọsàn sọ́wọ́. "Kó ṣáà gbé mi sókè Àbúbákr."

Wọ́n padà sílé. Hàfísátù ń fi róòbù ra orúnkún. Qudrah ń wo orúnkún yẹn. Ó ní, kí ni mo tiẹ̀ mú lọ́wọ́ bàbá yìí tí gbogbo wa fi ń kúnlẹ̀ kiri? Ó ṣí iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó wá a dé ibi tóun ti mú ọ̀rọ̀. Gbólóhùn kan péré ni, lórí bí kànga agbègbè wa ṣe ń jìn tó. Ta wá ni Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra ẹ̀ dárúkọ nídìí gbólóhùn yẹn? Àbúbákr! Àbúbákr ló fi okùn wọn kànga, bàbá kàn mú un níbẹ̀ ni.

Qudrah rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn. Ohun tó sì kọ́ lọ́wọ́ bàbá náà ni pé ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe iṣẹ́ ni kéèyàn ti mú ọ̀rọ̀. Ó nu Sùlèímọ́nù kúrò, ó kọ Àbúbákr sídìí gbólóhùn yẹn. Kò fi sókè, kò fi sísàlẹ̀. Ó fi ránṣẹ́, kò fi han ẹnì kankan.

Àwọn jọ́nà gbà á. Wọ́n gbé e jáde. Ìròyìn dé ọ́fíìsì, bàbá ní kó gbé e wá.

Ó wò ó látòkè délẹ̀. Ó tún wò ó látìsàlẹ̀ dókè. Ó bọ awò ojú, ó nù ún, ó tún wò ó.

"Èmi dà?"

"Ẹ ní ẹ ò lè wà nísàlẹ̀ Àbúbákr, sà. Àwọn jọ́nà náà ò sì jẹ́ kí n gbé yín gorí ẹ̀. Mo bá ní kí n má fi yín síbi tó máa bí yín nínú."

"Ìwọ Qudrah!"

"Ọ̀rọ̀ tí mo mú lọ́wọ́ yín, sà, ọwọ́ Àbúbákr lẹ̀yin náà ti mú un. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa bẹ́ẹ̀."

Ó kúnlẹ̀ sọ ọ́ o, kò ṣàìkúnlẹ̀. Bàbá nàka sí ilẹ̀kùn. Ó ní òun fẹ́ wo ọwọ́ tó máa fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ ẹ̀.

Títí di bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ìwé yẹn wà lórí tábìlì bàbá, kò fọwọ́ sí i. Ọdún ilé-ìwé sì ti ń lọ sópin. Mùtàlíbù ń bínú, ó ní ìyàwó òun ti fi ẹnu ba iṣẹ́ jẹ́, ó ní kó padà lọ bẹ̀bẹ̀. Hàfísátù ní orúnkún òun ò ní lọ mọ́. Qudrah ní òun ti ṣe ohun tí wọ́n ní kóun ṣe, òun ò ní ẹ̀bẹ̀ kankan lẹ́nu.

Ẹ̀yin èèyàn mi, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ máa fi orúkọ bàbá yẹn sílẹ̀ nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ máa bẹ̀ ẹ́ lọ, àbí ẹ máa nù ún kúrò bí Qudrah ṣe ṣe? Ẹ dá mi lóhùn o.