Ọbẹ̀ Yánrin Lórí Aṣọ Funfun

Ẹ̀rù máa ń bà mí. Kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ mí ní Osi, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ fún yín nìyẹn. Bí mo bá ti ilẹ̀kùn tán, mo máa ń padà lọ tì í wò. Bí ọ̀kadà bá ń bọ̀ lókè, màá ti bọ́ sínú koríko kó tó yọ. Ajá tí kò gbó, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín tí kò sọ̀rọ̀, gbogbo wọn ni mò ń ṣọ́. Àmọ́ ohun kan wà tí kì í bà mí lẹ́rù. Aṣọ ni. Èmi ni mò ń rán sùtánà, aṣọ funfun tí a fi ń jọ́sìn, fún ìjọ wa, láti ìgbà tí mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní ọdún kejì sẹ́kọ́ńdírì. Bí àlùmọ́gàjí bá ti wà lọ́wọ́ mi, ọwọ́ mi kì í gbọ̀n.

Èmi àti àbúrò mi, Bọ́sẹ̀dé, la jọ ń gbé ilé bàbá wa. Ọkọ mi ti kú. Tófúnmi, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, wà n'Ílọrin, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe páálí kéèkì. Àwọn yòókù nínú ẹbí wà káàkiri ìlú ńlá, wọn kì í wálé àfi bí a bá fẹ́ sìnkú. Yàrá pọ̀ nínú ilé náà, ṣùgbọ́n tèmi àti ti Bọ́sẹ̀dé nìkan là ń ṣílẹ̀kùn rẹ̀.

Ọbẹ̀ yánrin ni Bọ́sẹ̀dé ń sè. Ẹ̀fọ́ yánrin korò, ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ti ń bọ̀ ọ́ kó má dán an wò. Bọ́sẹ̀dé mọ̀ ọ́n. Yóò fi ẹ̀gúsí sí i, yóò fi ẹja gbígbẹ sí i, epo pupa á là lójú rẹ̀. Àwọn ará Ọ̀pìn, àwọn ará agbègbè wa, tí wọ́n wà n'Ílọrin ló ń sè é fún. Tẹ́lẹ̀, abọ́ oníke tó le, tó ní ìdérí gidi, ló ń bù ú sí, ṣùgbọ́n abọ́ tó bá dé Ìlọrin kì í padà. Gbogbo rẹ̀ lọ tán. Ó wá ku ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, èyí tó jẹ́ pé bí èèyàn bá wúkọ́ sí i, ìdérí rẹ̀ á ṣí.

Ìdérí ṣí lóòótọ́. Inú ọkọ̀ Kàbírù ló ti ṣẹlẹ̀. Kàbírù ni awakọ̀ tó ń ná Osi sí Ìlọrin, ọmọ Ìlọrin ni, ọmọlúàbí ni. Bàbá Ògúnmọ́lá ń lọ sí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́jọ́ náà, wọ́n wọ léèsì funfun, ọbẹ̀ Bọ́sẹ̀dé sì wà lẹ́yìn orí wọn. Nígbà tí ọkọ̀ dé Ìlọrin, bàbá ìyàwó ti pupa láti èjìká dé ìdí.

Kàbírù kò pariwo nígbà tó padà dé. Ó wá bá wa nílé, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun bọ̀wọ̀ fún wa, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òun mọ́. Àwọn awakọ̀ yòókù gbọ́, àwọn náà ní bẹ́ẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kejì, Bọ́sẹ̀dé gbé báàgì ńlá jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní Gáná-mọ́s-gò, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ọbẹ̀ kò lè lọ bá àwọn tó ń jẹ ẹ́, ẹni tó ń sè é ni yóò lọ bá wọn. Tófúnmi ti bá òun rí ibì kan n'Ílọrin, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kan. Bí a bá ti ṣe ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì tán, òun ń lọ.

Mo ní ó dára. Kí ni mo tún lè sọ? Ṣùgbọ́n mo wo yàrá rẹ̀, mo wo bí ilẹ̀kùn rẹ̀ yóò ṣe máa wà ní títì bíi ti àwọn yòókù. Èmi nìkan nínú ilé yẹn. Èmi tí ìró òjò lórí páànù máa ń jí.

Mo pe Tófúnmi lórí fóònù. Mo bi í bóyá ìwé kan wà tó lè gba ọbẹ̀ dúró. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó ní ó wà. Ó fi páálí pẹlẹbẹ rán Kàbírù sí mi. Páálí náà nípọn ju káàdì ìkórè lọ, ojú kan kò dán, ojú kejì ń dán. Tófúnmi ní ojú tó ń dán ni kí n fi sínú, torí omi kò lè gba ibẹ̀ kọjá.

Mo ṣe é bí aránṣọ. Mo wọ̀n ọ́n, mo fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sí i, mo gé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò, mo gbé ògiri rẹ̀ dìde, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ó wuni. Igun rẹ̀ gún bí igun àpò sùtánà. Mo bu omi sí i. Kò pẹ́ tí gbogbo igun náà bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Mo tẹjú mọ́ ọn, mo fẹ́ mọ ibi tó ń gbà. Kì í ṣe ojú páálí. Ojú ibi tí mo gé ni. Ibẹ̀ kò ní dídán kankan, ó ń mu omi bí òwú àtùpà ṣe ń mu epo, ó sì ń fi ránṣẹ́ síta.

Mo rò ó pé kí n fi nǹkan dí ibi gígé náà. Mo lọ bá Bàbá Ìjọ, mo tọrọ ìdí àbẹ́là tó bá kù lẹ́yìn àdúrà. Wọ́n ní ohun tó ti jó ti jó, kí n kó o. Mo yọ́ ọ, mo fi kun gbogbo igun. Mo bu omi sí i, omi dúró. Inú mi dùn. Bọ́sẹ̀dé bá bu ọbẹ̀ gbígbóná sí i.

Ẹ ti mọ̀. Àbẹ́là yọ́, ó léfòó sójú ọbẹ̀ pẹ̀lú epo, igun sì tún ń sunkún. Bọ́sẹ̀dé fi ṣíbí gbé e sókè, ó fi hàn mí.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “ṣé ọbẹ̀ la fẹ́ jẹ ni, àbí a fẹ́ tan àbẹ́là ààwẹ̀?”

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo wo báàgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ti ga ju bó ṣe wà lánàá lọ.

Páálí ti ń tán lọ. Mo gbé abala kan lé orí tábìlì iṣẹ́ mi, mo mú àlùmọ́gàjí, ọwọ́ mi sì gbọ̀n. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Mo mọ̀ pé bí mo bá gé e, yóò jò, bí ó bá sì jò, ó ti parí. Mo sọ àlùmọ́gàjí kalẹ̀. Ẹ̀rù kò jẹ́ kí n gé e. Nígbà tí n kò lè gé e, mo kàn ń ṣẹ́ ẹ bí a ti ń ṣẹ́ etí aṣọ.

Mo ṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè. Bí a kò bá gé igun, páálí á ṣẹ́kù níbẹ̀, á yọ síta bí etí ewúrẹ́. Aránṣọ kì í fẹ́ rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, òun ló fi ń gé e. Mo fún etí náà pọ̀ láàárín ìka, mo ṣẹ́ ẹ, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri láti ìta. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí gbogbo rẹ̀. Mo wá wo inú. Kò sí ibi gígé kankan nínú. Dídán ni láti ìsàlẹ̀ títí dé ẹnu. Ohun tí a bá gé ti di méjì, kò sí gọ́ọ̀mù tó máa purọ́ fún omi pé ọ̀kan ni. Ohun tí a bá ṣẹ́, ọ̀kan náà ló ṣì jẹ́.

Mo bu omi sí i, mo gbé e ka orí àjákù aṣọ sùtánà. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, aṣọ náà gbẹ.

Ó ku ẹnu rẹ̀. Ìyẹn kò nira, torí iṣẹ́ mi ni. Ìṣẹ́tí aṣọ, a kì í ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan kí á fi sílẹ̀, òwú á yọ. A ó ṣẹ́ ẹ, a ó tún un ṣẹ́, kí ojú gígé lè sápamọ́ sínú. Mo da ẹnu páálí pọ̀, mo ṣẹ́tí rẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo wá ki orí àwọn etí ewúrẹ́ yẹn bọ inú ìṣẹ́tí náà kí wọ́n lè di ara wọn mú. Ọbẹ̀ gbígbóná kọ́kọ́ tú u, torí ooru ń wá ibi tó máa gbà jáde. Mo ní kí Bọ́sẹ̀dé jẹ́ kí èéfín ọbẹ̀ rọlẹ̀ kó tó bù ú, kó sì má bù ú kún. A máa ń fi àyè sílẹ̀ nínú aṣọ fún ẹni tó ṣì máa sanra. Lẹ́yìn ìyẹn, mo dorí rẹ̀ kodò, mo jù ú láti ọwọ́ kan sí èkejì. Kò sí ohun tó jáde. Mo mọ̀ nígbà náà. Kì í ṣe pé mo rò ó, mo mọ̀ ọ́n.

A gbé e lọ sí gáréèjì. Kàbírù gbà á, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Bàbá Ògúnmọ́lá wà níbẹ̀, wọ́n ń dúró de ọkọ̀ mìíràn. Wọ́n yọjú wò ó.

“Ìwé lẹ fẹ́ fi bu ọbẹ̀?” wọ́n ní. “Ẹ ò kúkú fi apẹ̀rẹ̀ bù ú.”

Gbogbo gáréèjì rẹ́rìn-ín. Kàbírù kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ó dára lójú, ṣùgbọ́n ta ni nínú gbogbo èrò ọkọ̀ òun tó máa gbà kí wọ́n gbé e lé ẹsẹ̀ rẹ̀?

Ẹnu mi ló dáhùn kí n tó mọ̀. “Èmi ni. Màá sì wọ sùtánà mi.”

Bọ́sẹ̀dé di apá mi mú, ó rán mi létí wẹ́rẹ́ pé èmi kì í wọ ọkọ̀, pé Tófúnmi ló máa ń wá wò mí. Mo ní mo mọ̀. A fẹnu kò: bí ẹ̀kán epo kan bá kan aṣọ funfun náà, ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ tán nínú ọkọ̀ Kàbírù.

Mo fọ sùtánà náà, mo fi búlúù sí i, mo lọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ tí a máa lọ, mo jókòó sẹ́yìn Kàbírù gan-an, ọbẹ̀ yánrin wà lórí itan mi. Bàbá Ògúnmọ́lá náà ń lọ. Wọ́n jókòó sí ìparí ọkọ̀, wọ́n sì fi ọ̀rá bo ara wọn láti ọrùn dé orúnkún. Ẹnì kan bi wọ́n bóyá òjò ń bọ̀. Wọ́n ní epo ni.

Mo ń ṣọ́ ohun gbogbo. Mo ń ṣọ́ ọwọ́ Kàbírù lórí ìdarí ọkọ̀. Mo rí i nínú dígí pé páálí orí itan mi ló ń wò ju ọ̀nà lọ, mo bá sọ fún un kó wo iwájú. A kọjá Ìlọ́fà. Kòtò ń gbé wa sókè, ó ń gbé wa sọ̀ kalẹ̀, ọbẹ̀ ń mì nínú páálí, mo ń gbọ́ ọ. N kò wo ilẹ̀. Ẹ̀rù ọkọ̀ ń bà mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù páálí náà kò bà mí. Nǹkan méjì ni wọ́n.

Níwájú díẹ̀, màlúù já sójú ọ̀nà lójijì. Kàbírù tẹ bíréèkì. Gbogbo wa ṣubú síwájú, páálí fò kúrò lọ́wọ́ mi, ó dorí kodò lé itan mi, èmi fúnra mi sì wó lé e lórí.

Ọkọ̀ dúró. Mo ń gbọ́ ooru lórí itan mi, ooru gidi, ó ń tàn ká. Mo rò lọ́kàn mi pé ó tán. Mo rí ilẹ̀kùn yàrá Bọ́sẹ̀dé ní títì.

Kàbírù sọ̀ kalẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ mi. “Ìyá Tófúnmi,” ó ní jẹ́jẹ́, “ẹ gbé e kúrò, ká rí i.”

Mo gbé e. Ooru ọbẹ̀ lásán ló gba páálí kọjá. Aṣọ náà funfun. Ó kàn rún díẹ̀ níbi tí igun páálí ti tẹ̀ ẹ́. Bàbá Ògúnmọ́lá ti ìparí ọkọ̀ wá pẹ̀lú ọ̀rá lọ́rùn, wọ́n fi ìka méjì mú aṣọ mi, wọ́n gbé e sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n wò ó bí ẹni tó fẹ́ rà á. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n wá tú ọ̀rá ọrùn wọn.

“Nígbà míì, ẹ bá mi di ọ̀kan,” wọ́n ní. “Ọmọ mi ń yọ mí lẹ́nu nítorí yánrin.”

Tófúnmi dúró dè wá ní gáréèjì Ìlọrin. Òun ló tú ìṣẹ́tí náà níwájú Kàbírù. Ọbẹ̀ wà níbẹ̀ bí Bọ́sẹ̀dé ti bù ú. Kàbírù ní kí ọbẹ̀ máa bọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí Ìyá Tófúnmi bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣẹ́ nìkan ni òun yóò máa gbé. Mo ní kí Tófúnmi pe Bọ́sẹ̀dé, kó sọ fún un. Mo kó abala páálí mìíràn sábẹ́ apá, mo bá Kàbírù padà lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Nígbà tí mo dé ilé, ilẹ̀kùn wà ní pípadé. Báàgì kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́.

Mo dúró síbẹ̀. Ọbẹ̀ lè dé Ìlọrin kí ẹni tó sè é náà ṣì fẹ́ lọ. Kò sẹ́ni tó ṣèlérí nǹkan kan fún mi. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo wọlé, mo pè é. Ó dáhùn láti yàrá iṣẹ́ mi. Ó jókòó ti tábìlì, ó ti kó aṣọ rẹ̀ padà sínú yàrá, ó fi báàgì náà kó àwọn páálí tó kù sí, kí eruku má bà á. Ọ̀kan wà níwájú rẹ̀ tó ń gbìyànjú, igun rẹ̀ sì wọ́ bí ẹnu arúgbó.

“Tófúnmi ti pè mí,” ó ní. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá fi etí yìí hàn mí. Ó ń ṣe mí bí i kí n gé e.”

Mo gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e sókè pátá lórí fèrèsé. Mo bọ́ sùtánà, mo ká a. Kí n tó jókòó tì í, mo padà lọ ti ilẹ̀kùn wò. Ó wà ní títì, àwa méjèèjì sì wà nínú ilé.