Ewé Tíìkì Ló Dínà

Ní agogo méjìlá ọ̀sán, iná pupa ṣì ń tàn lójú àpótí rédíò tó yẹ kó máa gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé, Dzigbodi sì ń wò ó bí ẹni ń wo aláìsàn. Ọmọ iléèwé mẹ́tàlélógún jókòó sórí pèpéle tí wọ́n ti ń sá kọfí nílùú Todome, oníkálukú pẹ̀lú fọ́tò ara rẹ̀ nínú ọ̀rá. Agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò àṣejáde yóò parí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá wọlé, ó di àmọ́dún, ẹni tó bá sì mọ Todome mọ̀ pé oko tàbí ilé ọkọ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìjẹta ni àgbàrá gbé afárá ọ̀nà Kpalime lọ. Àwọn òbí ìbá ti kó ọmọ wọn sọ̀kalẹ̀ lọ síbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, Dzigbodi ló ní kí wọ́n má ṣèyọnu. Òun ló dúró níwájú wọn nínú ilé ìkẹ́rù kọfí tí ìlú yọ̀ǹda fún ẹgbẹ́ rẹ̀, tó ní, "Kí la dá ẹgbẹ́ ẹ̀rọ sílẹ̀ fún? Ibí la ó ti forúkọ wọn sílẹ̀."

Ènìyàn mọ́kànlá ló wà nínú ẹgbẹ́ náà. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó lọ iléèwé ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà tí àwọn ará ìlú ńlá ti jù nù ni wọ́n ń tú palẹ̀, tí wọ́n ń tò padà, títí tí yóò fi jí. Òfin kan ni wọ́n ní: ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ kì í kan iṣẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò káwọ́ sẹ́yìn, yóò máa fẹnu sọ ọ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni yóò ṣe é. Ó máa ń pẹ́, ó sì máa ń súni, àmọ́ ohun tí ẹnì kan bá mọ̀ láàárọ̀, gbogbo wọn á ti mọ̀ ọ́n kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Dzigbodi rú òfin náà. Nígbà ọyẹ́, nígbà tí sùúrù tán nínú rẹ̀, ó gun òrùlé ilé kọfí lóun nìkan, ó kọjú éríà tí wọ́n fi ìdérí ìkòkò ṣe sí ilé gogoro ṣọ́ọ̀ṣì Kpalime, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn ti ń wá. Ó fojú wọ̀n ọ́n gba àárín igi tíìkì Baba Amuzu tí kò ní ewé kan lórí, ó dè é pinpin, ó sọ̀kalẹ̀. Oṣù mẹ́ta ló fi ṣiṣẹ́ láìkọsẹ̀, kó tó kú láàárọ̀ òní.

Báyìí, Dzigbodi fẹsẹ̀ tọ ọ̀nà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbà, ó dé oko tíìkì, ó gbójú sókè. Ewé tó fẹ̀ tó àwo ìjẹun ti bo orí igi, omi òjò àná sì ń kán lára wọn. Ó yé e lójú ẹsẹ̀. Ewé tútù a máa mu irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń mu omi. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó gbàgbé pé igi a máa rúwé.

Ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Baba Amuzu. Anani adẹ́mu tẹ̀ lé e, ẹni tó wọ ẹgbẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn.

"Bàbá, igi mẹ́jọ péré la fẹ́ gé."

Baba Amuzu kò gbójú kúrò lára ẹ̀gẹ́ tó ń bó. "Péré. Ìwọ lo gbìn ín?"

"Nítorí àwọn ọmọ ni, Bàbá. Agogo mẹ́fà ni wọ́n máa tilẹ̀kùn."

"Ọdún mẹ́rìndínlógún ni igi yẹn ti wà níbẹ̀. Ìdérí ìkòkò yín ò tíì lo ọdún kan. Ta ló wá dínà ta?"

Anani họrí. "Ẹ ò sá ní ká má gùn ún, Bàbá?"

"Ọ̀bọ ń gùn ún. Mi ò bá ọ̀bọ jà rí. Ìṣó kan ò gbọdọ̀ kàn án."

Wọ́n sáré tú éríà kúrò lórí òrùlé. Àpótí rédíò kan ṣoṣo ni wọ́n ní, nítorí náà ọ́fíìsì ló ní láti wá bá igi. Wọ́n gbé tábìlì àti kọ̀ǹpútà sábẹ́ tíìkì tó ga jù, wọ́n ki rédíò àti bátìrì sínú akèrègbè ẹmu, Anani fi igbà rẹ̀ gùn ún dé ibi tí ewé pin sí, wáyà ń fà lẹ́yìn rẹ̀ bí ìrù. Agogo mẹ́ta ti lù.

"Ẹ kọjú rẹ̀ sí ilé gogoro, ẹ̀gbọ́n!"

"Ilé gogoro wo? Kùrukùru ni mò ń rí."

"Ẹ yí i sọ́tùn-ún."

"Ọ̀tún tèmi àbí tìẹ, ìyá ẹ̀rọ? Èmi ni mo wà lókè." Ó yọjú wo ìsàlẹ̀. "Ta ló bá ọ gun òrùlé lọ́jọ́ kìíní? Kónítọ̀hún sọ bó ṣe rí."

Dzigbodi wo àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó kù. Àwọn náà ń wò ó. Ká ní ẹnì kan wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, Dzigbodi ìbá ti fẹnu sọ ọ́ fún un: láti orí àpáta báyìí, ìka mélòó sápá òsì. Ojú rẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó kù nílẹ̀ tí yóò fi júwe rẹ̀.

"Èmi nìkan ni," ó wí.

Ló bá di wíwá. "Ìbú ìka kan, ẹ̀gbọ́n. Ẹ dúró. Ẹ ka ẹẹ́ta. Ìka kan sí i." Òdo ni kọ̀ǹpútà ń kà. Òdo. Òdo. Ọrùn Anani ń dun ún, ó ń bú èèrà tó ń gùn ún lẹ́sẹ̀. Agogo mẹ́rin kọjá. Ní ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀, nọ́ńbà kan yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó sá lọ, ó padà wá, iná ojú rédíò yí sí àwọ̀ ewé lẹ́nu akèrègbè.

"Ẹ má mira mọ́."

Ìṣẹ́jú márùn-ún ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gbà. Selom aránṣọ, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́, ló ń tẹ orúkọ wọn, Dzigbodi káwọ́ sẹ́yìn, ọwọ́ ń yún un. Ní agogo márùn-ún, òjò bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ta ọ̀rá bo tábìlì. Ìjì ń fì orí igi bí ẹni ń fì ọmọ, okùn éríà tú, Anani sì fọwọ́ méjèèjì gbá éríà mọ́yà, kò jẹ́ kó yí. Ẹni kẹrìnlá wọlé. Ẹni kejìdínlógún. Nígbà tó kan Esivi, ẹni ogún, fọ́tò rẹ̀ ti gòkè dé ìdajì kí ojú ìwé náà tó di funfun. Agogo mẹ́fà ti lù.

Mẹ́rin ló kù. Ọmọ abúlé oko ni gbogbo wọn, àwọn tó rìn jìnnà jù, tí wọ́n sì dé gbẹ̀yìn.

Ìyá Esivi súnmọ́ tábìlì. "Ó wọlé?"

"Òjò ni, ìyá," Selom dáhùn kíá.

"Kì í ṣe òjò," Dzigbodi wí. "Èmi ni. Èmi nìkan ni mo kọjú éríà yẹn síbẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, mi ò fi han ẹnì kankan. Ìdí tá a fi wá a pẹ́ nìyẹn."

Obìnrin náà rò ó wò. "Báwo lẹ ṣe wá a pẹ́ tó?"

"Ó lé ní wákàtí kan."

"Ogún ìṣẹ́jú ni ọmọ mẹ́rin ń fẹ́," ìyá Esivi wí. Kò pariwo. Ó fi ìborùn rẹ̀ nu omi lójú ọmọ rẹ̀, bóyá omi òjò ni, ó fà á lọ́wọ́, wọ́n kọrí sọ́nà oko.

Láti orí igi, ohùn Anani wá gba inú òjò. "Mélòó ló kù? Apá mi ò gbọ́ tèmi mọ́ o, àmọ́ mo ṣì dì í mú."

Àwọn tó wà nísàlẹ̀ wo Dzigbodi, kò sì sí ẹni tó fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò ní kí Anani sọ̀kalẹ̀.