Ọkàn Àwọn Eku Olómi Iyọ̀

Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèdàmọ́lá ka èsì náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì yọ awò ojú rẹ̀.

"O ṣi abẹ́rẹ́ gún wọn, Kareemah."

"Rárá, mà. Mi ò ṣì í."

"Eku méjìlá. O gún mẹ́fà ní oògùn, o gún mẹ́fà ní omi iyọ̀ lásán. Ọkàn gbogbo wọn wá ń sọ ohun kan náà. Ta ni ká gbà gbọ́?"

Ọdún mẹ́ta ni Kareemah ti lò lórí ìwádìí yìí ní yunifásítì wọn ní Ìwó. Bí ẹ̀rù bá ba ẹ̀dá, ara rẹ̀ a tú adirẹnalíìnì sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn a sì máa sáré. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé, bí oògùn tí ó jọ adirẹnalíìnì bá ń ṣiṣẹ́ lórí ọkàn lójoojúmọ́, jíìnì inú ọkàn náà, ìyẹn ìtọ́ni tí ara fi ń kọ́ ara rẹ̀, a yí ìṣe padà. Jíìnì kan wà tí ọkàn máa ń lò púpọ̀ nígbà tí ọmọ wà nínú oyún. Lẹ́yìn ìbí, ó máa ń dákẹ́. Oògùn náà yẹ kí ó jí i. Omi iyọ̀ kò yẹ kí ó jí i. Síbẹ̀, àwọn méjèèjì ló jí i.

"Mo fún ọ ní eku méjìlá sí i," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Èmi fúnra mi ni n ó kọ nọ́ńbà sára ìgò wọn. O ò ní mọ èyí tí ó jẹ́ oògùn. Bí èsì bá tún rí báyìí, o ò ní gba oyè dókítà lórí iṣẹ́ yìí."

Kareemah lọ sí ilé eku. Bàbá Fátókun, olùtọ́jú ibẹ̀, ń bu oúnjẹ fún àwọn eku tuntun. Ará Kuta ni. Ó ń sin ọ̀yà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Bí Kareemah ti ṣílẹ̀kùn, àwọn eku ya sí igun kéèjì, wọ́n ń gun ara wọn lórí.

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

"Wọ́n tún ti sá fún ọ, ìyá dókítà." Bàbá rẹ́rìn-ín. "Bí o bá wọ ilé ọ̀yà mi báyìí, òkú la ó máa kó níbẹ̀."

"Kí ló máa pa wọ́n?"

"Ẹ̀rù ni. Lé ọ̀yà káàkiri kí o tó mú un, á kú mọ́ ọ lọ́wọ́ láìní ọgbẹ́ kankan. Wo ara rẹ: ẹ̀wù tí o ń fọ̀ lójoojúmọ́, ọwọ́ tí ń rùn bí ọsibítù. Àlejò ni ọ́ lójú wọn. Àlejò ọ̀hún tún ń fà wọ́n nírù!"

Kareemah kò dìde lórí ìkúnlẹ̀. Òun kò ṣi abẹ́rẹ́. Kí abẹ́rẹ́ omi iyọ̀ tó dé ara eku, òun ti lé e, òun ti fà á. Fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, àwọn mẹ́fà gba oògùn láti inú ìgò. Ẹ̀rù ló fún àwọn mẹ́fà yòókù ní tiwọn, láti inú ara wọn.

"Báwo lẹ ṣe ń mú tiyín, Bàbá?"

"N kì í mú wọn. Mo máa ń dúró. Ẹ̀wù kan ṣoṣo ni kí o máa wọ̀, má fọ̀ ọ́. Kí o sì kágò kí o tó wọlé. Ilé wọn ni."

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò fi abẹ́rẹ́ kan eku kankan. Lójoojúmọ́ ó ń wí lẹ́nu ọ̀nà pé, "Àgò o," a wọlé, a tẹ́ ọwọ́ sínú kéèjì, a dúró.

"Kareemah, ṣé ọṣẹ ti wọ́n ní Ìwó ni?" ni Habeeb, akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, bi í.

"Ẹ̀wù ìwádìí ni."

"Ìwádìí ló ń rùn tó báyìí?"

Ní ogúnjọ́, eku kan rìn wá, ó jókòó sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀; nígbà tó di ọjọ́ kejì, àwọn yòókù náà ti ń wá. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́. Kò lé eku kan. Nígbà tí ọjọ́ mẹ́rìnlá pé, ó pa wọ́n, ó sì gbé ọkàn wọn lọ sídìí ẹ̀rọ tí ń díwọ̀n jíìnì.

Ọ̀jọ̀gbọ́n já àpò ìwé tí ó fi pa àṣírí nọ́ńbà náà mọ́.

"Nọ́ńbà kìíní?"

"Ó dákẹ́, mà."

"Omi iyọ̀. Ìkejì?"

"Ó jí."

"Oògùn."

Wọ́n kà á dé ìparí. Mẹ́fà jí, mẹ́fà dákẹ́, kò sì sí èyí tí ó yà kúrò nípò rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n dìde dúró.

"Méjìlá nínú méjìlá. Èmi ni mo ṣì í, Kareemah. Má bínú. Oyè rẹ dé ọwọ́ rẹ."

"Bàbá Fátókun ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹ̀rù mi ló ń ba àwọn ti àkọ́kọ́. Èsì tiwọn ńkọ́, mà? Ṣé kí n sọ ọ́ nù?"

"O ò gbọdọ̀ sọ ọ́ nù! Ẹ̀rù nìkan jí jíìnì yẹn, láìsí oògùn. Ìwádìí kejì nìyẹn. Kọ orúkọ Bàbá Fátókun mọ́ tìrẹ."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀jọ̀gbọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé eku nínú ẹ̀wù funfun tí a lọ̀ dáadáa.

"Àgò o."

"Àgò yà, Ọ̀jọ̀gbọ́n," ni Bàbá Fátókun dáhùn láti inú ilé. "Àmọ́ ẹ̀wù yín ti mọ́ jù. Ẹ dúró níbẹ̀ ná."

Ọ̀jọ̀gbọ́n dúró.