Ibi Tí Ọkọ̀ Ń Sùn

Wíwọn oúnjẹ ọkọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí ọkọ̀ tuntun bá dé, wọn a gbé e sórí irin tó ń yí, ọkọ̀ a máa sáré lójú kan náà, òun náà a sì máa wo iye epo tàbí iná tó ń jẹ. Ohun tí kò bá tíì wọ̀n, kì í sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ènìyàn fi ń pè é ní Òṣùwọ̀n, títí kan ìyá tó bí i.

Nígbà tí takisí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ darúgbó, tó ń wúkọ́ kó tó gbéra, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n gbà lọ.

"Àbúrò, èwo ni kí n rà? Ṣé elépo ni, àbí alápapọ̀ tó ń fi epo àti bátìrì rìn, àbí oníná pátápátá? Èwo ni kò ní jẹ èrè mi mọ́ mi lọ́wọ́?"

"Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan."

"Ọ̀sẹ̀ kan! Ìyàwó mi ti dáhùn kí n tó bèèrè tán. Ó ní kí n ra alápapọ̀, pé ẹlẹ́sẹ̀ méjì kì í tiro."

Òṣùwọ̀n rẹ́rìn-ín. Ó wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì ṣírò iye owó tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ. Ọ̀jẹun ni elépo. Alápapọ̀ jẹ ohun tó lé díẹ̀ ní ìdajì tirẹ̀. Oníná kò jẹ tó ìdá kan nínú mẹ́rin, kò sì fẹ́ kí wọ́n máa pààrọ̀ ọ́ìlì fún òun.

"Oníná ni, ẹ̀gbọ́n. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n kò jiyàn. Ó kó gbogbo ohun tó ní lé e, ó rà á.

Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n fi ṣọ̀wọ́n nílé àbúrò. Bí Òṣùwọ̀n bá pè é, ìdáhùn kan náà ni: "Mo wà nídìí iná." Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ó wá a lọ. Ó bá a lẹ́yìn ilé ìtajà ńlá kan, níbi tí àwọn ọlọ́kọ̀ ti ń ra iná. Ọkọ̀ mélòó kan ṣì wà níwájú rẹ̀. Ó di ẹ̀wù òtútù mọ́ra, ó ń wo iwájú bí ẹni tí kò rí nǹkan kan.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ kò gba iná nílé?"

Ẹ̀gbọ́n wò ó tìtì. "Nílé wo? Àjà kẹrin kọ́ ni mo ń gbé? Ṣé kí n pọn ọkọ̀ gun àtẹ̀gùn ni?"

Ìgbà náà ni Òṣùwọ̀n rí àṣìṣe rẹ̀. Iye owó iná tó fi ṣírò ni ti ẹni tó ń fa iná láti ara ògiri ilé ara rẹ̀, nítorí gbogbo àwọn tó wà níbi iṣẹ́ rẹ̀ ló ní àgbàlá. Iná tí wọ́n ń tà níta fi ìlọ́po mẹ́ta wọ́n ju ìyẹn lọ. Bẹ́ẹ̀ àìmọye ìgbà ló ti mí hẹlẹ lórí àtẹ̀gùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ kò rán mi létí?"

"Mo rò pé o ti kà á mọ́ ọn ni."

Nígbà tí ọkọ̀ gba iná tán, wọ́n jọ gòkè lọ sílé ẹ̀gbọ́n. "Ọkọ mi kékeré, ẹ káàbọ̀," ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n wí, ó gbé àga fún un. Kò mẹ́nu ba ìmọ̀ràn tirẹ̀ rárá. Ìbá bú u, ìbá sàn.

"Ẹ jẹ́ ká tà á," ni Òṣùwọ̀n wí, "kí n bá yín fi kún un, kí ẹ ra alápapọ̀."

"Mo ti tà á. Ọ̀la ni ẹni tó rà á ń bọ̀ wá gbé e. Ó ní àgbàlá tirẹ̀. Mo sì ti gba iṣẹ́ awakọ̀ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ kan. Ìdúró nídìí iná ti lé púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà mi lọ." Ẹ̀gbọ́n bọ́ bàtà rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Mo gbọ́ ohun tí ìyàwó mi wí, ó sì wọ̀ mí létí. Ṣùgbọ́n èmi ni mo rán ọ níléèwé. Bí n kò bá gba ọ̀rọ̀ rẹ, kí ni mo rán ọ lọ ṣe?"



Fóònù ẹ̀gbọ́n dún. Ìyá àgbà kan tí ẹ̀gbọ́n máa ń gbé lọ sílé ìwòsàn ni.

"Ẹ má bínú, mà, n kò ní lè wá mọ́... Rárá, mà, kò sí ohun tó ṣe ọkọ̀ náà." Ó yíjú sí fèrèsé. "Ọkọ̀ gidi ni, mà. Àbúrò mi ló bá mi yàn án."