Ẹ̀bá Òkun Tí Wọ́n Sin Saheed Sí

Kí Saheed tó lọ sí Sáńsíbà, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ìlú ni tàbí oúnjẹ ní àdúgbò wọn ní Ajangbadi. Kò pé ọdún kan tó débẹ̀ tí àwọn ọmọ kékeré pàápàá fi ń dárúkọ rẹ̀. Mùsítúrà ìyá rẹ̀ ló fà á. Ìsọ̀ híjáàbù àti aṣọ ọmọdé ló ní lẹ́bàá títì, oníbàárà kì í sì í tíì dúnàádúrà tán tí Mùsítúrà yóò ti fa fóònù yọ.

"Ẹ wo ibi tí ọmọ mi wà. Ẹ wo omi."

Wọn a sì wò ó. Ní Ajangbadi, omi tí wọ́n ń fà nílẹ̀ máa ń pọ́n, ó sì máa ń fi ìpẹtà sára garawa. Omi ọ̀sà tó wà lẹ́yìn ìlú Ọ̀jọ́ dúdú, ewéko bo ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi inú fídíò Saheed dà bí ojú ọ̀run nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ó sì mọ́ gaara débi pé èèyàn ń rí òjìji ọkọ̀ lórí yanrìn nísàlẹ̀ rẹ̀. Erékùṣù ni ibẹ̀, ní apá ìlà-oòrùn Áfíríkà, níbi tí àwọn olówó ti máa ń wá sinmi láti gbogbo ayé. Saheed ń se oúnjẹ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀.

Ilé oúnjẹ kan ní Okokomaiko ló ti kọ́ iṣẹ́ náà. Kọ́láwọlé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ ọmọ ìlú Ìbà, ló kọ́kọ́ rí iṣẹ́ sí hòtẹ́ẹ̀lì yẹn tó sì ní kó máa bọ̀. Àsánì, bàbá Saheed, kò fẹ́. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni Àsánì, àgbò ló ń tà ní Alaba Rago, ó sì gbà pé ọmọ tó bá jìnnà, ojú ni yóò máa pọ́n òbí rẹ̀. Mùsítúrà ló bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà.

"Màámi, màá mú yín wá síbí," Saheed máa ń sọ lórí fóònù. "Ẹ̀yin àti Bàámi. Ẹ kàn máa jókòó ni, wọ́n á máa gbé oúnjẹ wá bá yín."

"Ta ló máa se é?"

"Èmi náà ni mo máa se é."

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Kọ́láwọlé pe Faridah, àbúrò Saheed. Kò lè pe ìyá, kò lè pe bàbá. Faridah gbọ́ ọ tán, ó wọ híjáàbù rẹ̀ sódì, ó mú ìyá rẹ̀ ní ìsọ̀ láìsọ nǹkan kan fún un, àwọn méjèèjì sì kọrí sí Alaba Rago. Àárín àwọn àgbò ni wọ́n ti bá Àsánì, ó ń da èèpo ẹ̀wà sílẹ̀ fún wọn. Faridah tún nọ́ńbà náà pè, ó sì gbé fóònù sétí bàbá rẹ̀, torí ẹnu rẹ̀ kò lè sọ ọ́.

Kọ́láwọlé ní Saheed wọ inú òkun láti lúwẹ̀ẹ́, omi sì gbé e lọ. Wọ́n ti rí òkú rẹ̀. Àwọn ará abúlé ibẹ̀ kò fẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀, torí Mùsùlùmí ni wọ́n, wọ́n sì ti sin ín.

Àsánì gbé àpò èèpo ẹ̀wà sílẹ̀, ó gba fóònù.

"Ṣé wọ́n wẹ̀ ẹ́ dáadáa?"

"Wọ́n wẹ̀ ẹ́, Bàbá. Ìmáàmù wọn ló kírun sí i lára. Abúlé kún."

"Ó dáa," ni Àsánì wí. Ó dá fóònù padà fún Faridah, ó sì ń da èèpo ẹ̀wà lọ títí àpò náà fi ṣófo. Kò sunkún. Mùsítúrà ló ṣubú lulẹ̀ tí wọ́n gbé dìde.

Àwọn aládùúgbò kún ilé. Kò sí òkú tí wọn yóò rí, kò sí sàréè tí wọn yóò lọ kí, ọ̀rọ̀ nìkan ló kù fún wọn. Ìyá Fàwáz tó ń gbé iwájú ilé ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó ní ọmọ bíi Saheed kò lè kàn lọ kú sómi lásán, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ẹnì kan ló fẹ́ gbà là. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yóò fi dé ẹnu ẹni tó tẹ̀ lé e, "àfàìmọ̀" ti já bọ́. Ẹni tí wọ́n ní ó gbà là di ọmọdé, ọmọdé náà di ọmọ òyìnbó, ọmọbìnrin, tí ìyá rẹ̀ ń ké ní èbúté. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe fídáù, ààfáà fi ìtàn náà ṣe wàásù. Ó ní ẹni tó bá gba ẹ̀mí kan là, ó dà bíi pé ó gba gbogbo aráyé là.

Àsánì tí kò tíì jẹun bí ènìyàn láti ọjọ́ náà béèrè oúnjẹ lẹ́yìn wàásù yìí. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ra àgbò lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò gbọ́ ìtàn ọmọ òyìnbó. Mùsítúrà kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ó rí i pé ohun tó gbé ọkọ òun dúró nìyẹn, kò sì bi Kọ́láwọlé.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àwọn oníhòtẹ́ẹ̀lì fi tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú ránṣẹ́ kí ẹnì kan nínú ẹbí lè wá wo sàréè.

"Ìwọ ni kó o lọ," Àsánì wí. "Mi ò lè dúró níwájú omi yẹn. Ṣùgbọ́n Ìyá Saheed, bá mi béèrè ọmọ tó gbà là. Orúkọ rẹ̀. Kí wọ́n sọ fún mi bóyá ara rẹ̀ le."

"Màá béèrè," ni ó dáhùn.

Nínú ọkọ̀ òfúrufú kejì tí Mùsítúrà wọ̀ lọ́nà, ọmọge kan tó dé akẹtẹ̀ ńlá jókòó tì í. Peace ni orúkọ rẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó ni, ọkọ rẹ̀ ti sùn.

"Mọ́mì, ẹ̀yin náà ń lọ gbafẹ́?"

"Mo ń lọ kí ọmọ mi ni."

"Ẹ kú oríire. Ẹ̀ ń jẹ̀gbádùn ọmọ." Peace ṣí fóònù rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán omi hàn án, ibi tí wọn yóò ti wẹ̀, ibi tí wọn yóò ti jẹun alẹ́. Mùsítúrà wo gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mọ omi náà ju ọmọ yìí lọ. "Ó dára," ó sọ. "Ọlọ́hun á jẹ́ kẹ́ ẹ gbádùn ara yín." Ó wá kọjú sí fèrèsé, kò sì yí padà mọ́ títí wọ́n fi balẹ̀.

Kọ́láwọlé ló wá pàdé rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú gbogbo èrò, kò sì dìde, àfi ìgbà tí Mùsítúrà fọwọ́ ara rẹ̀ fà á sókè. Ó ti rù ju bó ṣe wà nígbà tó máa ń wá jẹun nílé wọn.

Mùsítúrà ti ń retí pé omi náà kò ní rí bí wọ́n ṣe ń wí. Ó ti rò ó pé fídíò máa ń tan èèyàn jẹ, pé bí òun bá débẹ̀, òun yóò rí i pé òkun lásán ni, tó dọ̀tí, tó ń rùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dára ju ti fídíò lọ. Ó tẹ́ lọ rẹrẹ, ó búlúù, ó tún yí sí àwọ̀ ewé níbi tí kò ti jìn. Àwọn àlejò sùn sórí yanrìn funfun. Ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí omi yìí bàjẹ́ díẹ̀, Mùsítúrà rò nínú ara rẹ̀. Ó yẹ kí nǹkan kan yí padà lára rẹ̀.

Ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí kékeré ní abúlé ni sàréè wà. Wọ́n fi òkúta etí òkun yí i ká. Ìyàwó ìmáàmù, ìyá arúgbó kan, ti wà níbẹ̀ tó ń dúró dè é. Ó di ọwọ́ Mùsítúrà méjèèjì mú, ó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì yé Mùsítúrà, àfi ọ̀kan tó ń dún lóòrèkóòrè: súbírà, súbírà.

"Mọ́mì, ó ní ẹ ní..." Kọ́láwọlé fẹ́ túmọ̀ rẹ̀.

"Sùúrù. Mo gbọ́ ọ."

Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì náà. "Saheed, mo ti dé," ó wí. Nígbà tó dìde láti kírun, ìlà-oòrùn ló kọjú sí, bó ṣe máa ń ṣe nílé. Ìyá arúgbó náà fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó sì rọra yí i sí àríwá, torí apá ibẹ̀ ni Mẹ́kà wà sí wọn. Ibi tí Mùsítúrà ti bú sẹ́kún nìyẹn. Ibi tí ọmọ rẹ̀ wà jìn tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn kò tún lè kọjú síbi tó máa ń kọjú sí. Ìyá náà dì í mú, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́.

Lẹ́yìn tó ti nu ojú rẹ̀, ó rántí iṣẹ́ tí ọkọ rẹ̀ rán an.

"Kọ́láwọlé, ọmọ tí Saheed gbà là, ṣé ó ṣì wà níbí? Bàbá Saheed fẹ́ mọ orúkọ ẹ̀."

"Ọmọ wo, Mọ́mì?"

Mùsítúrà sọ ohun tí wọ́n ń sọ nílé fún un. Kọ́láwọlé wolẹ̀.

"Kò sí ọmọ kankan, Mọ́mì. Ọjọ́ ìsinmi wa ni. Àwa méjèèjì nìkan la wà níbẹ̀. Ó lúwẹ̀ẹ́ kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Ó ń pè mí pé kí n máa bọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní omi náà lọ́wọ́ọ́wọ́. Máńgòrò ni mò ń jẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fọwọ́. Nígbà tí mo gbójú sókè, mi ò rí i mọ́."

"Kò sí ẹni tó ń ké?"

"Kò sí."

"Ó kàn lọ wẹ̀ ni."

"Ó kàn lọ wẹ̀ ni, Mọ́mì. Inú ẹ̀ dùn."

Kí Mùsítúrà tó padà, Kọ́láwọlé bi í bóyá yóò fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan omi. Ó ní rárá.

Nígbà tó ń bọ̀ wálé, ó rò ó pé kí òun purọ́. Kò ní ṣòro. Òun yóò fún ọmọ òyìnbó náà lórúkọ, òun yóò ní ara rẹ̀ le, ó ti ń lọ síléèwé. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú orúkọ náà. Ṣùgbọ́n bó bá ti sọ ọ́, Saheed tó ń rẹ́rìn-ín nínú omi, tó ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀, á parẹ́. Ẹlòmíràn tí òun kò bí ni wọn á máa sunkún rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì tó dé, ó bá Àsánì ní Alaba Rago, ó sì sọ fún un. Oníbàárà kan dé, ó ń béèrè iye àgbò kan. Ojú ìyàwó rẹ̀ ni Àsánì ń wò. Ọkùnrin náà dúró díẹ̀, ó sì lọ.

"Kò sí ọmọ," Àsánì wí.

"Kò sí, Bàbá Saheed. Ẹ má bínú."

"Asán ni, nígbà náà."

"Mi ò mọ̀. Wọ́n ní ó ń rẹ́rìn-ín."

Àsánì kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ó tún pa oúnjẹ tì. Ìyá Fàwáz ní kí ló dé tí Mùsítúrà kò fi bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, ta ni òótọ́ ṣe láǹfààní. Ṣùgbọ́n Mùsítúrà gbọ́ lẹ́yìn náà pé Àsánì fúnra rẹ̀ lọ bá ààfáà, ó sì ní kí wọ́n má fi ìtàn náà wàásù mọ́.

Kí ọdún tó parí, Kọ́láwọlé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ó sì padà wá sí Ìbà. Ó ní òun kò lè máa wo òkun yẹn mọ́. Ó wá kí wọn ní Ajangbadi lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́ Jímọ́ọ̀ kan, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ nà.

"Wọlé, jókòó," Àsánì wí fún un. "Sọ bí ọjọ́ náà ṣe rí fún mi. Láti àárọ̀. Má fo nǹkan kan."

Kọ́láwọlé sọ ọ́. Ó sọ bí Saheed ṣe jí tó ń kọrin tí ohùn rẹ̀ kò dára, bó ṣe dín ẹyin fún àwọn méjèèjì, bó ṣe ní kí àwọn lọ sí òkun kí oòrùn tó mú. Ó sọ ohun tó ń sọ ní ọ̀nà, pé bóun bá dé ilé, òun yóò gbẹ́ ihò fún bàbá òun ní ẹ̀yìnkùlé, òun yóò da omi sí i, òun yóò sì kọ́ ọ ní ìlúwẹ̀ẹ́, kí ẹ̀rù omi lè kúrò lára rẹ̀.

"Ó sọ bẹ́ẹ̀?" Àsánì béèrè.

"Ó sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ó ní ẹ ó kọ̀."

Àsánì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà, ó gbé ọwọ́ bò ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mùsítúrà jókòó tì í lórí ẹní. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ó tó.