Ojú Tí Ọlọ́dẹ Ò Rí

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọkọ aránṣọ kan fi di kọ́kọ́rọ́ ilé ìkẹ́rùsí àwọn oníṣòwò pákó mú, débi pé Oníkọ́kọ́rọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, iná sọ níbẹ̀. Ó jó pákó, ó jó òrùlé, ó sì jó ẹ̀rí tó bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ọlọ́pàá ti mú Oníkọ́kọ́rọ́ lọ. Wọ́n ní òun àti ọ̀gá rẹ̀ ṣaáwọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, àti pé ọlọ́dẹ ẹnu géètì rí i tó gbé àtùpà gba ẹ̀yìn ilé wọlé.

Oṣù mọ́kànlá ni ẹjọ́ náà gbà ní ilé ẹjọ́ gíga. Ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá ni wọ́n dá ọjọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹfà nínú rẹ̀ ni wọ́n tú ká láìgbọ́ nǹkan kan, torí pé ara adájọ́ kò yá, tàbí torí pé agbẹjọ́rò ìjọba ń bẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn. Aránṣọ kò pa ọ̀kankan jẹ. Bẹ́ǹṣì kẹta lápá òsì ló máa ń jókòó sí, níbi tó ti lè rí etí ọkọ rẹ̀ nínú àpótí olùjẹ́jọ́. Etí nìkan ló máa ń rí.

Lọ́jọ́ tí ọlọ́dẹ jẹ́rìí, agbẹjọ́rò ọkọ rẹ̀ bi í pé, “Láti ẹnu géètì tí o wà, ṣé ojú rẹ̀ lo rí?”

Ọlọ́dẹ họ orí. “Ẹ̀wù rẹ̀ ni mo rí, ẹ̀wù búlúù tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Mi ò rí ojú rẹ̀.”

Aránṣọ fúnra rẹ̀ ló rán ẹ̀wù búlúù yẹn, márùn-ún, láti ara aṣọ kan náà, fún gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Bí wọ́n ṣe sinmi ìjókòó ló sáré di agbẹjọ́rò mú lápá.

“Lọ́yà, gbogbo wọn ló ní ẹ̀wù yẹn! Èmi ni mo rán an. Ẹ pè mí kí n wá sọ ọ́.”

“Ìyá, tí ìyàwó bá jẹ́rìí, adájọ́ á ní ọkọ rẹ̀ ló ń gbè. Ẹ lọ jókòó.”

Ó lọ jókòó. Lọ́jọ́ ìdájọ́, adájọ́ ní ọlọ́dẹ dá olùjẹ́jọ́ mọ̀ dájú. Aránṣọ tẹ́tí títí kó gbọ́ “mi ò rí ojú rẹ̀,” kò gbọ́ ọ. Ẹ̀wọ̀n ọdún méje ni wọ́n dá fún ọkọ rẹ̀.

Obìnrin agbẹjọ́rò kan tó máa ń gba ẹjọ́ àwọn tí kò ní olùgbèjà ló gbà á lẹ́yìn ìyẹn. Ọ́fíìsì rẹ̀ kún fún fáìlì débi pé àlejò ní láti gbé ẹjọ́ ẹlòmíràn kúrò lórí àga kó tó lè jókòó.

“A máa gbé e lọ sí kò-tẹ́-mi-lọ́rùn,” agbẹjọ́rò náà wí.

Aránṣọ rẹ́rìn-ín, ó pẹ́ tó ti rín ẹ̀rín kẹ́yìn. “Ta ló sọ kóòtù yẹn lórúkọ? Kí ló tẹ́ èmi lọ́rùn láti èṣí?”

Agbẹjọ́rò náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀, ó wá là á yé e. “Wọn kì í pe ẹlẹ́rìí níbẹ̀, Ìyá. Àwọn adájọ́ mẹ́ta á ka ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní kóòtù àkọ́kọ́, wọ́n á wò ó bóyá adájọ́ ṣi ẹjọ́ dá.”

“Ọ̀rọ̀ ẹ̀wù márùn-ún ńkọ́?”

“Ta ló sọ ọ́ níwájú adájọ́?”

“Kò sẹ́ni.”

“Tí kò bá sí nínú ìwé, kò sí.”

Ó gbé ọ̀rọ̀ yẹn relé, ó sì bá a gbé. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í rán ọmọ wá gba aṣọ wọn padà kí aránṣọ tó rán an. Àbúrò rẹ̀ obìnrin pè é lórí fóònù: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá wá sọ́dọ̀ wa,” ṣùgbọ́n aránṣọ ń gbọ́ ohùn ọkọ àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn tó ń kùn, ló bá fèsì fún àbúrò rẹ̀ pé òun kò ráyè. Oúnjẹ èèyàn méjì lọwọ́ rẹ̀ ṣì ń sè. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń bá wí bí ẹni ń bá ọmọ wí: “Ìwọ yìí, òwú lo tún já yẹn? Ta ló rán ẹ sí mi?”

Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, ó máa ń lọ wo ọkọ rẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú ni, wáyà sì wà láàárín wọn.

“Ṣé ẹ ti jẹun?”

“Mo ti jẹun. Ìwọ ńkọ́?”

“Èmi náà ti jẹun.”

Irọ́ làwọn méjèèjì ń pa. Àwọn ìṣẹ́jú tó bá ṣẹ́kù, wáyà ni wọ́n fi ń wò.

Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi tẹ ìwé ẹjọ́ náà. Nígbà tí agbẹjọ́rò fún un ní ẹ̀dà kan, ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ ọlọ́dẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀. “Ẹ̀wù rẹ̀ ni mo rí, ẹ̀wù búlúù tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́.” Ó parí síbẹ̀. Ìbéèrè mìíràn ló tẹ̀lé e.

Agbẹjọ́rò kọ lẹ́tà sí kóòtù, lẹ́tà náà sì sùn lórí tábìlì ẹnìkan. Aránṣọ bá gbéra, ó lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Bàbá kan ló wà nídìí ìwé, awò méjì ló ń lò, ọ̀kan fún ìwé títẹ̀, ọ̀kan fún ìwé àfọwọ́kọ, kì í sì í mọ èyí tó wà lójú rẹ̀.

“Ìyá, ohun tí wọ́n bá tẹ̀ ni wọ́n tẹ̀.”

Ó padà wá lọ́jọ́ kejì. Ó wá lọ́jọ́ kẹta. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí bàbá náà fi bínú.

“Ṣé ẹ ò níṣẹ́ nílé ni?”

“Mo níṣẹ́, Bàbá. Èèyàn ni mi ò ní.”

Bàbá náà wọ inú yàrá lọ, ó gbé ìwé tí adájọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ jáde, ó pààrọ̀ awò. Ó ṣí i títí, ó dúró. Ní ìsàlẹ̀ ojú-ewé kan, níbi tí àyè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, adájọ́ ti fún ọ̀rọ̀ márùn-ún mọ́ ara wọn: *Mi ò rí ojú rẹ̀.* Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ti yí ewé kó tó kà á débẹ̀.

“Èmi ni mo sì fi òǹtẹ̀ lé e pé ó pé,” bàbá náà wí jẹ́jẹ́. Ọjọ́ yẹn náà ló kọ àtúnṣe.

Ó tó ọdún kan àti oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn kí kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó pe ẹjọ́ náà. Aránṣọ wọ aṣọ tó dára jù lọ nínú àpótí rẹ̀. Ó ti há gbogbo ohun tó fẹ́ sọ sórí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti sọ fún un. Wọn kò mú ọkọ rẹ̀ wá. Àwọn adájọ́ mẹ́ta wọlé, wọ́n ní àwọn ti ka ìwé tọ̀tún-tòsì. Ọ̀kan ka ọ̀rọ̀ márùn-ún náà sókè, ó bi agbẹjọ́rò ìjọba ohun tó rí sí i. Ìyẹn ń ṣí fáìlì, ó ń pa á dé. Kò tó ìdajì wákàtí tí gbogbo rẹ̀ fi tán, kò sì sẹ́ni tó wo ibi tí aránṣọ jókòó sí.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni wọ́n ka ìdájọ́. Wọ́n ní adájọ́ kò gbọdọ̀ mú ìlàjì ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kó da ìlàjì yòókù nù. Wọ́n ní kí Oníkọ́kọ́rọ́ máa lọ ilé rẹ̀. Aránṣọ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti dì mọ́ ẹnìkan. Báàgì agbẹjọ́rò kan ló wà níbẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ dé, ó rù, ó ń jókòó sí etí àga bí àlejò. Agbẹjọ́rò ti kìlọ̀ pé ìjọba ṣì lè gbé ẹjọ́ náà lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, àyè ọjọ́ díẹ̀ ṣì wà fún wọn. Nítorí náà ọkọ rẹ̀ kò tú ẹrù inú ọ̀rá rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ pé, agbẹjọ́rò pè: ìjọba kò lọ, ó parí.

“Ó dáa,” ọkọ rẹ̀ wí. “Kí ló dé tí o ò sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀wù yẹn ní kóòtù?”

“Mo sọ fún lọ́yà. Ó ní kí n lọ jókòó.” Ó mí kanlẹ̀. “Mo sì lọ jókòó.”

Ọkọ rẹ̀ mi orí, ó jáde. Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, aránṣọ kò sì mọ̀ rí pé ọ̀rọ̀ náà lè kan ẹni méjì tó jọ wà lápá kan. Ọjọ́ púpọ̀ kọjá tó jẹ́ pé ẹ káàárọ̀ àti ó dàárọ̀ nìkan ló wà nínú ilé náà.

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè kan, ọkọ rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà ibi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń ránṣọ.

“Gbogbo ọdún yẹn, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?”

“Kò sẹ́ni.”

Ó fa àpótí ìjókòó àwọn oníbàárà mọ́ra, ó jókòó. “Èmi náà ò rẹ́ni. Bá mi sọ ọ́.”

“Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?”

“Ibi tó bá wù ẹ́.”

Aránṣọ dá ẹ̀rọ dúró. Ó rò ó títí, ó wá bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ewúrẹ́ kan jẹ ìwé ìyọ̀ǹda rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́nu géètì ẹ̀wọ̀n, tí wọ́n sì lé e padà.

“Ewúrẹ́ kẹ̀? Gbogbo ìwé náà?”

“Igun kan ló kù. Èyí tí wọ́n kọ orúkọ yín sí.”